Ìtọ̀ Aránṣọ Ni Ọkọ Rẹ̀ Gbé Lọ Fún Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin tí ọkọ yín máa ń sọ pé "kò sí nǹkan kan" nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jókòó níwájú mi, ó sunkún títí aṣọ tó fi ń nu ojú fi rin gbingbin. Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, kí n má dáàbò bo òun. Èmi náà ò sì ní dáàbò bò ó.

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ń wa kireeni, ẹ̀rọ gíga fíofío tí wọ́n fi ń gbé irin àti búlọ́ọ̀kù lọ sókè níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àwòdì, nítorí pé òkè lọ́hùn-ún ló máa ń wà láti àárọ̀, tí yóò máa wo gbogbo wọn nílẹ̀ bí òròmọdìẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àkàbà irin ni Àwòdì fi ń gòkè láràárọ̀ títí yóò fi dé inú yàrá onígíláàsì kékeré tó wà lókè téńté. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè tọ̀ níbẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, àfi kó sọ gbogbo àkàbà yẹn kalẹ̀, kó tún gùn ún padà, kí gbogbo sáìtì sì káwọ́ gbera máa dúró dè é.

Kí ló wá ṣe? Kò mu omi. Nínú oòrùn, lẹ́yìn gíláàsì tó gbóná janjan, kò ní jẹ́ kí omi kan ètè rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó tiẹ̀ ń fi í yangàn.

"Mo ti kọ́ àpò ìtọ̀ mi lẹ́kọ̀ọ́," ni yóò wí fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. "Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń lu aago ìdáwọ́dúró."

Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì kan sáárá sí i. Aránṣọ pàápàá a máa fi ọkọ rẹ̀ yangàn níbi ìránṣọ.

Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Àwòdì ní àga kireeni ló fà á. Aránṣọ fi ìpara gbígbóná ra á lẹ́yìn, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ ti ń darúgbó o, olówó orí mi."

"Ìwọ náà ń bọ̀ níbẹ̀," lọkọ fèsì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dídùn tí gbogbo wa mọ̀, bí èèyàn bá fara lélẹ̀ tàbí tó yí ìdí padà, á rọlẹ̀ díẹ̀. Èyí kò gbọ́ ti ìfaralélẹ̀. Á kàn dé lójijì, á fún ọkùnrin náà bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ tútù, á gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn títí dé ìdí itan. Àwòdì kò ní lè jókòó, kò ní lè dúró, á máa lọ sókè sódò nínú yàrá, òógùn á bò ó. Bó bá tún yá, ìrora náà á tú u sílẹ̀.

"Ṣé o rí i?" yóò wí. "Ó ti lọ. Mo sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan."

Ó wá sọ ilé kẹ́místì di ojú ọ̀nà. Oògùn ìrora kò tán lápò rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ kó tó gòkè, ó ń jẹ ẹ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe inú èèyàn níbi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aránṣọ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Àwòdì ti gbàgbé láti da omi sí i.  Ohun tó wà nínú àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran.

"Kí lèyí?" Aránṣọ kígbe láti ibẹ̀.

"Kí ni kí ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń rí níbí!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa lánàá."

"Ọtí ẹlẹ́rìndòdò wo? Èmi tí mo ń fọ aṣọ yín, èmi lẹ ń parọ́ fún?"

Àwòdì jókòó létí ibùsùn. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó wá jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i. Bó bá wá lónìí, kì í wá lọ́la, ìdí nìyẹn tí òun fi dákẹ́.

"Ẹ dìde, a ń lọ sí hósípítù nísinsìnyí."

"Ọ̀la ni àyẹ̀wò ilé iṣẹ́," ni Àwòdì dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dá Aránṣọ dúró. Lọ́dọọdún ni nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ń yẹ àwọn awakireeni wò. Wọ́n á yẹ ojú wò, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀ kò ní gòkè mọ́ títí dókítà yóò fi sọ pé ó ti yá. Àwòdì sì mọ̀ pé ẹnì kan wà nílẹ̀ tó ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kireeni, tó kàn ń retí kí àga ṣófo ni. Ilé tí tọkọtaya yìí ń gbé, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Ẹni tó ń wa kireeni ni wọ́n ń fi sí i.

"Fún mi ní tìẹ," Àwòdì wí.

"Tèmi kí ni?"

"Ìtọ̀."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Nígbà tó wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Lẹ́yìn àyẹ̀wò, màá bá ọ lọ sí hósípítù tó o bá fẹ́," Àwòdì bẹ̀ ẹ́. "Mo búra. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ di àga mi mú ná. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù wa síta ni? Ibo lo fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ kà?"

Aránṣọ sọ fún mi pé òun lè purọ́ pé ọkọ òun fipá mú òun. Kò fipá mú un. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ náà lábẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa, ó wo aṣọ àwọn oníbàárà tó fi kọ́ ara ògiri, ó wo àwọn ọmọ wọn tó ń wọ bàtà ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ dùn ún láti fi sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tọ̀ sínú ìgò kékeré kan tó ti fọ̀ tó tún ṣan. Àwòdì fi ìgò náà há abíyá kó má bàa tutù, ó fà á mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú, ó sì jáde lọ.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì ní ìtọ̀ mi mọ́ gaara! Ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí láàárín àwọn awakireeni. Ó ní kí n máa mu omi bí mo ṣe ń mu ún yẹn!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ hósípítù lọ́jọ́ náà. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì náà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó yà mí lẹ́nu jù. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì àyẹ̀wò yẹn gbọ́! Bí ọkọ rẹ̀ bá ń rọ́jú tó ń di ẹ̀gbẹ́ mú, òun ni yóò sọ pé, "Ṣebí nọ́ọ̀sì ní kò sóhun tó ṣe yín? Ẹ máa fọkàn balẹ̀." Ìtọ̀ ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yìn o! Mo bi í pé ta ló rò pé òun ń tàn jẹ. Ńṣe ló ń ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àwòdì jí pẹ̀lú òtútù. Kì í ṣe òtútù lásán. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ara rẹ̀ sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó tún bì. Ìtọ̀ tó wá kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, ó ṣú, ó sì ń rùn.

"Ẹ má lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí," Aránṣọ bẹ̀ ẹ́.

"Òpó irin ńlá la fẹ́ gbé lónìí. Tí mi ò bá lọ, ọ̀gá sáìtì á béèrè ohun tó ṣe mí."

Aránṣọ wọ ẹ̀wù òtútù fún un. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ. Ó ní ọwọ́ tó fi de bọ́tìnnì náà ni òun kò tíì dárí jì títí dòní.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni nígbà tí fóònù dún. Ọ̀gá sáìtì ni.

"Ìyàwó wa, máa bọ̀. Máa bọ̀ kíákíá!"

Aránṣọ sáré jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Nígbà tó dé sáìtì, gbogbo èèyàn ló gbójú sókè. Òpó irin kan ń rọ̀ dirodiro lókè, ó ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ ti há sórí àjà ilé tí wọn kò tíì parí lábẹ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọn ò lè gba ibì kankan kọjá.

Rédíò wà lẹ́nu ọ̀gá sáìtì. "Àwòdì! Àwòdì, dá mi lóhùn!"

Ohun tó jáde látinú rédíò náà kò jọ ohùn èèyàn. Eyín tó ń lu ara wọn ni wọ́n ń gbọ́.

"Àwòdì, fa ọ̀pá ìdarí ọwọ́ òsì sọ́dọ̀ rẹ. Díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìyá mi, díẹ̀díẹ̀. Sọ ọ́ kalẹ̀."

 Òpó náà yí padà díẹ̀, ó kúrò lórí àwọn èèyàn náà, ó sì rọra ń bọ̀ nílẹ̀ títí ó fi fara kan iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Wọ́n gun òkè lọ bá Àwòdì, wọ́n fi okùn ààbò dè é, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ mọ́ra.

"Má sọ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ."

Ọkọ̀ ọ̀gá sáìtì ló gbé wọn dé hósípítù. Ọkùnrin tó fẹ́ràn Àwòdì ni ọ̀gá yìí, òun ló bá a wá iṣẹ́ náà. Nígbà tí dókítà, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀gá ló ń ṣíwájú dáhùn.

"Ibo ló ń dùn ún?"

"Ikùn ni, Dókítà. Apá ọ̀tún. Ó ti ń bì."

"Ṣé ó ń tọ̀ dáadáa? Ṣé ìtọ̀ rẹ̀ kì í pọ́n? Ṣé kíndìnrín kò yọ ọ́ lẹ́nu rí?"

"Rárá o!" Ọ̀gá ta kú. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni nọ́ọ̀sì wa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ó mọ́ gaara. Èmi fúnra mi ni mo gba èsì rẹ̀."

Dókítà yíjú sí Aránṣọ. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, màámi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró. Obìnrin yìí mọ ẹ̀jẹ̀. Ó mọ òórùn ìtọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó mọ gbogbo rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn.

Dókítà ní kí wọ́n gba ìtọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ìtọ̀ kankan tó jáde. Ó tẹ apá ọ̀tún ikùn Àwòdì, Àwòdì ké.  Dókítà ní bí ìtọ̀ bá mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jọ pé apẹ́ńdíìsì, ìfun kékeré tó wà lápá ọ̀tún ikùn, ló ti wú, ó sì lè bẹ́ nígbàkígbà. Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ síkáànù tí wọ́n fi ń wo inú ara. Kí wọ́n máa múra yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ kíá, kí wọ́n la ikùn rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibùsùn alátàyà náà lọ. Aránṣọ ń tẹ̀ lé e.  Ó ní òun ń sọ nínú ara òun pé bóyá apẹ́ńdíìsì ni lóòótọ́, dókítà mọ̀ jù òun lọ, bí wọ́n bá la ikùn tán gbogbo rẹ̀ á tán. Ó ń gbàdúrà kí àìsàn mìíràn wà lára ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí? Ọwọ́ ọ̀gá sáìtì wà léjìká rẹ̀, ó ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn, ó ń pè é ní ìyàwó rere.

Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn tí a kì í jẹ́ kí ẹbí kọjá. Àwòdì la ojú, kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ó ń pè é ní "Màmá."

Aránṣọ di irin ibùsùn náà mú gírígírí.

"Kì í ṣe ìtọ̀ rẹ̀!"

"Ẹ ní kí ni?" Dókítà dúró.

"Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò. Kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ni. Èmi ni mo tọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń tọ ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀yìn ló ti ń dùn ún, ibí, lábẹ́ ìhà, kó tó dé ikùn. Ó gbọ̀n láàárọ̀ yìí bí ewé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má là á níbẹ̀ yẹn. Ẹ gbà mí, ẹ gbà mí!"

Ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀ kúrò. Kò bojú wẹ̀yìn, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n lára bó ṣe kúrò.

Dókítà kò tíì dá a lóhùn tó ti ń pàṣẹ. Wọ́n yí ibùsùn náà padà, wọ́n sáré gbé e lọ síbi síkáànù, wọ́n ní kí èrò yà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Òkúta ti dí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín ọ̀tún, ìtọ̀ ti kún sẹ́yìn òkúta náà, ó ti di ọyún, oró rẹ̀ sì ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé láti fa ọyún náà jáde, wọ́n sì fi oògùn sí i lójú iṣan.

Nígbà tí dókítà jáde, kò pariwo. Aránṣọ ní ì bá sàn kó pariwo.

"Òkúta kékeré ni, màámi. Bí ẹ bá gbé e wá nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń dùn ún tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn, à bá ti mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tó kí ẹ wá. Ibà pẹ̀lú gbígbọ̀n, èébì, ìtọ̀ tí kò jáde, ìyẹn kì í dúró di ọ̀la, wákàtí yẹn gan-an lèèyàn ń wá. Oògùn ìrora tí ẹ ní ó ń jẹ láìbéèrè náà tún ń ba kíndìnrín jẹ́. Ká ní a la ikùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí ni, ibi tí a ò wò ni ì bá pa á."

"Ṣé ó máa yè?"

"A ń sa ipá wa. Mi ò lè sọ iye tó máa ṣiṣẹ́ padà nínú kíndìnrín yẹn."

Ọ̀gá sáìtì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aránṣọ kúnlẹ̀ fún un.

"Dìde," ọ̀gá wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Ṣé o rí àwọn ọkùnrin tó wà lábẹ́ irin yẹn? Àwọn náà níyàwó. O mọ àwọn kan lára wọn. Ìwọ lo rán aṣọ ìgbéyàwó ọ̀kan nínú wọn."

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ. Aránṣọ sọ fún mi pé títí di ìṣẹ́jú yẹn, òun kò tíì ronú kan àwọn ọkùnrin náà rárá. Ọkọ òun nìkan ni òun ń rò, àti ilé.

Ara Àwòdì kò tètè balẹ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀, ńṣe ni Aránṣọ ń jókòó tì í, tó ń wo rọ́bà náà, tó ń wo ohun tó ń kán sínú àpò rẹ̀. Bó bá kán, ó ń dúpẹ́. Bó bá dúró, ó ń sáré pe nọ́ọ̀sì. Ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àbúrò Aránṣọ obìnrin ló lọ kó o, ó sì kó àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Àárọ̀ kan ni Àwòdì la ojú, tí ojú náà sì mọ́. Ó wo òkè àjà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti mọ̀?"

"Wọ́n ti mọ̀."

"Ta ló sọ?"

"Èmi ni."

"Mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má sọ."

"Ẹ bẹ̀ mí."

 "Àga mi ńkọ́?"

"Ẹlòmíràn ti ń jókòó sí i. Wọ́n ti gba ilé náà."

Àwòdì yíjú sí ògiri. "O ti tà mí," ó wí. "Ì bá sàn kó o jẹ́ kí n kú sórí iṣẹ́ mi. Kúrò lọ́dọ̀ mi. Mi ò fẹ́ rí ọ."

Aránṣọ kò kúrò.

"Ẹ máa bínú," ó wí fún ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. "Ẹ bínú dáadáa. Nígbà tí dókítà bi mí, mo kọ́kọ́ purọ́. Ẹ̀ ń kú lọ níwájú mi, èmi ń ro ibi tí màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Díẹ̀ ló kù kí n dákẹ́ títí wọ́n fi máa ti ilẹ̀kùn yẹn. Bí mo bá dákẹ́ ni, ẹ ò ní bínú sí mi mọ́ láyé yìí. Ẹ máa bínú. Mo wà níbí, mo ń gbọ́."

 Nígbà tó yá, Àwòdì pòṣé. Òṣé gígùn, tó ti inú ikùn wá, irú èyí tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le máa ń pa síyàwó rẹ̀.

Aránṣọ ní òun kò gbọ́ ohun tó dùn tó o rí.